Igi Kò Jẹ̀bi

Gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé ṣe láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, kò sì sí ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ rí tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi sú u. Bí akọ̀wé kan bá ní ìwé ń jáde ní wíwọ́ díẹ̀, á ní, "Díẹ̀ báwo? Ṣé bí ìbú èékánná ni àbí bí ìbú irun?" Bí ẹnì kan bá ní òun á dé ní nǹkan bí agogo méjì, á ní, "Méjì gẹ́lẹ́ ni àbí méjì kọjá?" Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rín yẹn, orúkọ náà ń dùn mọ́ ọn bí oyè.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ gìtá wá bá a. Ọkùnrin náà àti àwọn mẹ́ta mìíràn dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, òun ni onígìtá wọn, Onígìtá náà ni gbogbo ilé sì ń pè é. Ó jókòó sí pálọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, ó ń ráhùn pé okùn mẹ́fà tó wà lára gìtá òun kò tó òun lò mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, olókùn mẹ́jọ ló wù mí," ló wí. "Mo fẹ́ ohùn tó máa rinlẹ̀ débi pé àyà èèyàn á gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́."

"Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?" ni Gẹ́lẹ́ dá a lóhùn. "Igi ni, irin ni, wáyà ni. Èmi tí mò ń tú ẹ̀rọ tí ẹ̀yà rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún palẹ̀, tí mo tún ń tò ó padà? Fi í sílẹ̀ fún mi. Inú yàrá ẹ̀yìn yìí ni màá ti ṣe é."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè láti ibi tó ti ń ká aṣọ. "Yàrá ẹ̀yìn wo? Ibi tí mò ń kó aṣọ sí?"

"Aṣọ kò ní kú tó bá bọ́ sí ibòmíràn."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan àkọ́kọ́ ni igi, ẹni tó sì ní igi kò jìnnà. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ti fi iṣẹ́ káfíńtà lo ayé rẹ̀. Àgbà ti dé, ṣùgbọ́n kò tíì jọ̀wọ́ ìsọ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Níbẹ̀, ó to pákó sórí pẹpẹ, ó ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Àwọn pákó mìíràn ti pẹ́ lórí pẹpẹ yẹn ju ọmọ tó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ girama lọ.

Bàbá yan pákó méjì fún un, èyí tó wúwo fún ọrùn gìtá, èyí tó fúyẹ́ fún ara rẹ̀. Ó fi ìka kan án, ó tẹ́tí sí i, lẹ́yìn náà ló gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

"Igi tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń tutù lẹ́rẹ̀kẹ́," ló wí. "Èyí ti pé ọdún mọ́kànlá níbí. Ó ti gbẹ ju egungun lọ. Máa gbé e lọ, ọmọ mi. Inú mi dùn pé ẹnì kan nínú ilé yìí tún fẹ́ fọwọ́ kan ìfági."

Oṣù márùn-ún ni Gẹ́lẹ́ fi ṣe é. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á wọ yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́búlẹ́bú igi bo fèrèsé, ó bo ìrọ̀rí, ó wọ inú ìkòkò. Ìyàwó rẹ̀ ní tí òun bá sín báyìí, pákó ló ń jáde nímú òun. Ṣùgbọ́n òun náà máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo bí igi gbagidi ṣe ń di ohun tó ní ìbàdí. Ó máa ń wú u lórí, kò kàn ní sọ ọ́ ni.

Nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ ọrùn ló le jù. Okùn tó bá máa dún nísàlẹ̀ gan-an kì í fẹ́ ọrùn kúkúrú. Bí ọrùn bá kúrú, okùn á dẹ̀, á máa gbọ̀n bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Gẹ́lẹ́ kọ́kọ́ pinnu pé láti orí ọrùn dé ìdí gìtá níbi tí okùn ti ń wọlé, ínṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló máa jẹ́. Ó wá ṣírò ibi tí irin tín-ín-rín mẹ́rìnlélógún máa dábùú ọrùn, nítorí àwọn irin yìí ni ìka ń tẹ okùn mọ́ tí ohùn fi ń yí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kà á níbì kan pé méjìdínlọ́gbọ̀n ló dára jù fún olókùn mẹ́jọ. Ó tún ìṣirò ṣe sórí bébà mìíràn, ó lẹ òun náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan tó fẹ́ la ojú ibi tí irin wọ̀nyẹn máa jókòó sí ni Bàbá yà wá wo iṣẹ́. Onígìtá wà níbẹ̀. Bàbá wo ọrùn igi náà tí Gẹ́lẹ́ ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí, ó wo ògiri, ó tún wo ọrùn igi.

"Ọmọ mi, bébà méjì ni mo rí yìí. Èwo lò ń tẹ̀ lé?"

"Bàbá, mo mọ èyí tí mò ń tẹ̀ lé."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Mo kàn ní kí o tún un wọ̀n kó o tó ki ayùn bọ̀ ọ́. Ayùn kì í dá ohun tó bá gé padà."

Gẹ́lẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́jú sí Onígìtá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn kọ́ là ń ṣe o. Iṣẹ́ ìṣirò nìyí."

Onígìtá kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ilẹ̀kùn ni mo mọ̀." Ó fà sẹ́yìn, ó wá ìgbálẹ̀, ó sì ń gbá lẹ́búlẹ́bú igi jọ sí igun yàrá nígbà tí ayùn ń lọ tó ń bọ̀.

Nígbà tó yá, Gẹ́lẹ́ de òòfà méjì tí yóò máa gba ohùn àwọn okùn sábẹ́ wọn, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó àwọn wáyà pọ̀. Ó fi sáńpépà gbo ara gìtá náà títí ọwọ́ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó sì fi òróró pa á títí àwọ̀ igi náà fi dán bí oyin. Ọjọ́ tó fẹ́ de irin ìdí gìtá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wọ̀n ọ́n. Ínṣì méjìdínlọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́. Ó yí ìdè irin mẹ́fà wọ igi, ó fi dè é mọ́lẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ló pè wọ́n wá wò ó. Bàbá jókòó sí àga tó súnmọ́ fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, Onígìtá wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì láti ibi iṣẹ́ náà sì wá, nítorí oṣù márùn-ún tó fi ń ṣe é náà ló fi ń ròyìn rẹ̀ fún wọn.

Onígìtá gbé e kọ́rùn. Ó fa okùn tó nípọn jù láìtẹ̀ ẹ́ níbì kankan. Ohùn náà jáde nínú sípíkà, ó sì lọ gba abẹ́ àga kọjá. Àwọn ife orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ kígbe, ìyàwó Gẹ́lẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Gẹ́lẹ́ dúró létí ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́ra, inú rẹ̀ ń wú bí búrẹ́dì nínú ààrò.

Ìgbà náà ni Onígìtá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ ọrùn gìtá, tó ń gùn ún lọ sókè. Bó ṣe ń gòkè ni ohùn náà ń bàjẹ́. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin tí imú rẹ̀ dí. Ó dúró, ó yí àwọn bọ́tìnì orí gìtá, ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìsàlẹ̀ dára, òkè kò dára. Ó tún un yí. Èèyàn tí kò tiẹ̀ mọ orin rárá á mọ̀ pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí jẹ́jẹ́, bíi pé kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́, "òkè rẹ̀ ò bá ìsàlẹ̀ mu."

Ọ̀kan nínú àwọn ará ibi iṣẹ́ bá dá àpárá: "Àbí kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n ó gún Gẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí abẹ́rẹ́. Kó tó mọ ohun tó fẹ́ wí, ẹnu rẹ̀ ti wí i.

"Igi ni. Igi yẹn ò gbẹ. Ó ti yẹ̀. Mo ti fura láti ọjọ́ tí mo ti ń fá a, mi ò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí pé Bàbá ló fún mi."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá dìde láti ìdí fèrèsé. Ó gba gìtá náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó rọra gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ojú ṣe ń gbó, bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń gbó. Ẹ má bínú. Wàhálà oṣù márùn-ún, mo wá bá yín bà á jẹ́."

Bàbá tó bí ìyàwó rẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ tó bí. Gẹ́lẹ́ ní, "Kò sí wàhálà, Bàbá." Nígbà yẹn, ó gba ara rẹ̀ gbọ́ díẹ̀. Ká má parọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé gìtá náà sórí tábìlì, ó na téèpù láti orí ọrùn dé irin kejìlá. Irin yìí ló yẹ kó wà ní agbedeméjì okùn gan-an. Bí okùn bá jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlá ló yẹ kó wà. Téèpù sọ pé mẹ́tàlá àbọ̀ ni.

Ó tún un wọ̀n. Mẹ́tàlá àbọ̀. Ó gbójú wo ògiri. Bébà méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Bébà àtijọ́ ló ti tẹ̀ lé tó fi la ojú àwọn irin, tó sì wá fi ti tuntun de ìdí gìtá. Ibi tí àgbà náà nàka sí ni ibi tí ó ti ṣì í.

Ó jókòó sórí àpótí. Ooru kan gbéra láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gun itan, ó gun ọrùn, ó wá dúró sí etí rẹ̀ méjèèjì. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: ilẹ̀kùn kọ́ là ń ṣe. Ó gbọ́ èkejì: mo ti fura. Kò fura sí nǹkan kan rí. Ó mú fóònù, ó wá nọ́ńbà Bàbá, ó wò ó, ó sì gbé fóònù náà dojú bolẹ̀. Ó ní tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, òun á lọ bá a.

Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ó ti ya bébà àkọ́kọ́. Ó tú ìdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sún irin ìdí gìtá síwájú ní ínṣì kan, ó tún un dè. Kò ju ìdajì wákàtí lọ. Ihò mẹ́fà àtijọ́ ṣì wà lójú igi bí ojú tó ń wò ó. Ó fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù dí wọn, ó wá fi ike dúdú pẹlẹbẹ kan bò ó mọ́lẹ̀.

Onígìtá wá, ó fà á. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohùn náà mọ́ kedere. Ọkùnrin náà fò sókè, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n! Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Mo fọgbọ́n tì í ni," ni Gẹ́lẹ́ wí. "Igi burúkú náà ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀."

Ti àkọ́kọ́, ẹnu ló yọ̀. Èyí, ó rò ó kó tó sọ ọ́.

Òkìkí rẹ̀ kàn níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ wá wo Gẹ́lẹ́, ẹni tó sọ igi tútù di gìtá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í lè wo ojú ẹni tó ń yìn ín. Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó tì í.

"Mo ti bá Bàbá sọ̀rọ̀," ló wí. "Mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Ojú wọn ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n kàn ń bò ó ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọdé ni wọ́n fi irú igi yẹn kàn ńkọ́? Ó dùn wọ́n o, mo rí i. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn."

Gẹ́lẹ́ fi òkèlè sẹ́nu. Ó mu omi lé e.

"Ṣé mo ṣe ohun tó burú ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Rárá," ló wí. "Rárá o."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá fúnra rẹ̀ wá. Gẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Àgbà náà fi ìwé ìròyìn wé nǹkan kan sí abíyá, nígbà tó tú u, àgékù pákó ni, èyí tó ṣẹ́ kù sí ìsọ̀ rẹ̀ lára igi ọrùn gìtá. Ó gbé e lé orí eékún rẹ̀ méjèèjì.

"Ọmọ mi, ìbínú kọ́ ni mo bá wá o. Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́. Mo ti sá èyí sóòrùn. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n oníbúrẹ́dì tó wà ládùúgbò wa lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n mọ̀ bóyá omi ń jáde nínú rẹ̀ tó fi ń fúyẹ́. Kò fúyẹ́ sí i. Mo gbé rúlà tì í, kò wọ́. Kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò rí? Fi hàn mí, kí n lè mọ̀ ọ́n."

Wọ́n dá wà ní pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì dé. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, kò sí ọjọ́ tó tún lè rọrùn ju ọjọ́ náà lọ; kódà, ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ro bí ojú Bàbá ṣe máa rí, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sì bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, igi kì í jọra. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín lè dára kí èyí tó wà lára gìtá má dára."

Àgbà náà ń mi orí bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ ń là lọ́yẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Láti inú igi kan náà? Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀wé." Ó fi ìwé ìròyìn wé pákó rẹ̀ padà, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Gẹ́lẹ́ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí kò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò lè jókòó, kò lè dúró. Ó lọ bọ́jú, nígbà tó rí ara rẹ̀ nínú dígí, ó gbójú kúrò.

Lẹ́yìn èyí, kì í fẹ́ lọ sílé àna rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ pọ̀, orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Kò sí àwáwí tí kò rí wí. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọjọ́ Sunday yẹn kó tó di pé ìyàwó rẹ̀ rán an ní dandan láti lọ bá òun mú àpò aṣọ kan bọ̀ lọ́dọ̀ Bàbá.

Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé náà, ó bá àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń to pákó sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ìsọ̀ ti ṣófo. Pẹpẹ mẹ́ta ti mọ́ fefe, ìkẹrin ni wọ́n ń kó. Lára ògiri tí àwọn irinṣẹ́ máa ń kọ́ sí, ìṣó ló kù. Bàbá jókòó sórí àga kékeré láàárín gbogbo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí eékún, wọn ò ní nǹkan tí wọ́n ń ṣe.

"Ẹ káalẹ́ o, Bàbá. Níbo ni wọ́n ń kó pákó lọ?"

"Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ó ní yóò jó dáadáa nínú ààrò òun."

"Nínú ààrò? Pákó ogún ọdún?"

"Mi ò fẹ́ kí igi mi tún ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Ìfági ńkọ́, mo ti fi í ta káfíńtà tó wà ní òpin òpópónà lọ́rẹ. Ọmọ mi ní kí n sinmi. Òótọ́ ló sọ." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó kàn jẹ́ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi ni."

Gẹ́lẹ́ yíjú sí àwọn oníkẹ̀kẹ́. "Ẹ má kó o mọ́! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe rò lọ. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Kó tó mọ̀, ó ti bá ara rẹ̀ lórí eékún, nínú èérún igi tó wà nílẹ̀.

"Bàbá, igi ò jẹ̀bi. Èmi ni. Bébà méjì tẹ́ ẹ rí lára ògiri, mo da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Mo fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gé ọrùn, mo fi méjìdínlọ́gbọ̀n de ìdí. Kò sí nǹkan tó ṣe igi. Kò sí nǹkan tó ṣe ojú yín."

Bàbá wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ó bi í, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́ kejì, Bàbá."

"Ọjọ́ kejì." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. "Nígbà tí mo gbé àgékù pákó wá bá ọ, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Nígbà tí mo ní kí o kọ́ mi."

Gẹ́lẹ́ tẹrí ba. Ilẹ̀ ló ń wò.

Àgbà náà kọjú sí àwọn oníkẹ̀kẹ́. "Ẹ máa kó o lọ. Mo ti fún obìnrin oníbúrẹ́dì náà. Èmi kì í fún èèyàn ní nǹkan kí n tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Nígbà tí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ náà jáde, tí ìró táyà rẹ̀ ti jìnnà, ó ní, "Mi ò bínú pé o wọ̀n ọ́n ṣì. Èmi náà ti kan kọ́bọ́ọ̀dù tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé rí, àfìgbà tí wọ́n wó ògiri. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n máa gbé igi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kiri bí wèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ń jí láràárọ̀, mo ń rò ó pé, gbogbo ilẹ̀kùn tí mo ti kàn láyé mi, mélòó ló ti yẹ̀ tí àwọn tó ni ín kàn ń fojú fò mí?"

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Níbo lo ti sọ pé igi ni?"

"Ní pálọ̀ mi. Níwájú gbogbo wọn."

"Ibẹ̀ náà ni kó o ti sọ èyí."

Ó sọ ọ́. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó pe gbogbo wọn padà, títí kan àwọn méjì láti ibi iṣẹ́. Kò jókòó. Ó ṣí ike dúdú yẹn kúrò, ó fi ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn wọ́n, ó sì ròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ìgbà tí Bàbá wá kọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú àwọn ará ilé, ó gbé e mì. Onígìtá bọ́ gìtá náà lọ́rùn, ó fi í ti ara àga, bíi pé ó ti wúwo jù fún un.

Ìyàwó Gẹ́lẹ́ dìde.

"O jẹ́ kí n sọ fún bàbá mi pé ojú wọn ti fọ́," ló wí. Ọdún méjìlá tí wọ́n ti jọ ń gbé, kò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí. "Mo bi ọ́, mo ní ṣé mo ṣe ohun tó burú ni. O wò mí lójú."

Ó wọ ilé ìdáná lọ. Wọ́n gbọ́ tó ṣí omi, omi náà ń dà fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí àwo kankan tó ń fọ̀. Bàbá ló dìde lọ bá a. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ níbẹ̀, Gẹ́lẹ́ kò gbọ́ ọ, kò sì bèèrè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyàwó rẹ̀ kò fi bá a sọ ju "oúnjẹ ti wà nílẹ̀" lọ. Nígbà tó tún bá a sọ̀rọ̀ tán, ó padà sí "ẹ," ṣùgbọ́n "ẹ" náà tutù, bíi ti ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Gẹ́lẹ́ wá lọ bá káfíńtà tó wà ní òpin òpópónà nítorí ìfági. Ọkùnrin náà sanra, ó ń fi ẹ̀yìn pẹ́ńsùlù họ orí.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi." Ó tún ní láti ro ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Káfíńtà náà gbọ́ ọ dópin, ó sì mí kanlẹ̀. "Mi ò lè gbé e fún ọ. Bàbá á ní mo kọ ọrẹ òun. Fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé ìfági lọ bá Bàbá, ó ń ráhùn, ó ń gé ìka jẹ. Ó ní irin náà kò gbọ́ tòun, pé ó kàn ń họ igi bí adìyẹ ni, kí Bàbá jọ̀ọ́ bá òun fi sọ́dọ̀, kó bá òun máa lò ó kó má dípẹtà. Bàbá wò ó títí. "Ìwọ tó o ti ń fági láti ogún ọdún?" ló bi í. Ṣùgbọ́n ó gbà á.

Díẹ̀díẹ̀ ló padà sídìí iṣẹ́. Kò to pákó sórí pẹpẹ mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń la igi ló ti ń ra èyí tó ti gbẹ tán, tó sì ní òǹtẹ̀ lára pé ó ti gbẹ. Bí ẹ bá bi í ní ìdí, á ní ọjọ́ orí ni, pé òun ò lè dúró de igi fún ọdún mẹ́wàá mọ́. Gẹ́lẹ́ máa ń lọ bá a di pákó mú lọ́jọ́ Sátidé. Kò sẹ́ni tó ní kó máa wá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan láti ilé kejì wá wo àpótí ìwé tí Bàbá ń kàn fún un. Ó fọwọ́ pa pákó náà, ó sì bèèrè ohun tí gbogbo oníbàárà máa ń bèèrè.

"Bàbá, ṣé igi yìí gbẹ dáadáa ṣá?"

Láyé àtijọ́, Bàbá á ti fi ìbéèrè yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Lọ́jọ́ náà, ó gbé ayùn kalẹ̀. Ó wo òǹtẹ̀ tó wà lára igi, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà, ó gbójú wo Gẹ́lẹ́, tó di ìkángun kejì mú, bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Ìyá náà kò mọ nǹkan kan, òun náà yíjú sí Gẹ́lẹ́, ó ń dúró.

"Ó gbẹ, mà," ni Gẹ́lẹ́ wí.

Bàbá mi orí, ó sì mú ayùn. Etí Gẹ́lẹ́ gbóná. Ó di pákó náà mú ṣinṣin, kò sì gbé ojú sókè títí ayùn fi là á já.